"Ẹ Ti Sanra O": Ẹ̀kọ́ Lórí Hóró Oògùn Tí Ń Lé Ìrora

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé ọ̀rọ̀ oògùn ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí, ẹ̀rín ni ó fi mí rín. Ó bi mí léèrè bóyá mo ti fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá sílẹ̀, tí mo ti gba ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn lọ. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá fara balẹ̀ ka ohun tí mo kọ síhìn-ín, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, àti pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́ wà lára ohun tó mú kí ìyá tó bí bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni "sanra".

Ẹlẹ́lùbọ́ ni ìyá àgbà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni orúnkún ti ń dùn wọ́n. Bí òjò bá ṣú báyìí, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mọ̀ nínú ilé wa. Wọ́n á ní làkúrègbé ti dé. Àgbo tí wọ́n mu àti òrí tí wọ́n fi pa á kò lóǹkà. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnìkan tí ń kiri oògùn nínú ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n ní oògùn tí a dì sínú ọ̀rá pélébé. Ẹ̀yin náà yóò ti rí irú rẹ̀ rí, ní ọjà tàbí ní ibùdókọ̀: hóró márùn-ún tàbí mẹ́fà, pupa, ìyeyè, funfun kékeré, a dì wọ́n pọ̀ sójú kan, kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. "Oògùn làkúrègbé" ni ẹni tí ń tà á ń pè é. Ọ̀rá kan láàárọ̀, ọ̀rá kan lálẹ́.

N kò ní purọ́, oògùn náà ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ìyá àgbà dìde lórí ẹní láìdi ògiri mú. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti ń kúnlẹ̀ gbàdúrà, ohun tí wọn kò lè ṣe láti bí ọdún márùn-ún. Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ta ni yóò sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó má lo oògùn rẹ̀ mọ́? Kò pé oṣù mẹ́ta sí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yọ, tí ojú wọn rí roboto bí òṣùpá, tí ẹ̀yìn ọrùn wọn sì kún. Oúnjẹ ń wù wọ́n jẹ ṣáá. Ni àwọn ará ọjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn: "Ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ẹ ti sanra o! Ọmọ ń tọ́jú yín." Inú bàbá mi dùn, nítorí kò sí ẹni tí kò fẹ́ kí a sọ pé òun ń tọ́jú ìyá òun. Èmi náà ti ilé-ìwé dé fún ìsinmi, mo dọ̀bálẹ̀, ohun tí mo sì kọ́kọ́ wí náà nìyẹn: "Ìyá àgbà, ẹ ti sanra o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi oríkì mi kí mi.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn àárín ni ó wà lórí sílébù méjèèjì tó wà nínú "sanra". "Sàn" tí a fi ń sọ pé ara aláìsàn ti yá, ohùn ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀. N kò sọ pé ọ̀kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ìlò wa, a máa ń gbọ́ èkejì nínú èkínní. Ẹni tó bá rù ni a ń bi pé kí ló dé. Ẹni tó bá sanra, a kì í bi í ní nǹkan kan, kíkí ni a ń kí i. A ó ní ara rẹ̀ yọ̀, a ó ní ayé ń yẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó yẹ kí a lò, èyí ni "wú". Ojú ìyá àgbà kò sanra, ó wú ni: ọ̀rá ara ń ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀ lọ sí ojú, ẹ̀yìn ọrùn àti ikùn, omi sì ń dúró sára. Apá àti itan wọn ń tín-ín-rín sí i lábẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n a kò wo ibẹ̀. Bí ẹnìkan ṣoṣo nínú wa bá ti sọ pé "ojú yín wú", ó ṣeé ṣe kí a ti gbé wọn lọ sí ọsibítù ní oṣù náà gan-an.

Ìgbéyàwó àbúrò bàbá mi ni ó tú àṣírí náà. A kó lọ sí Èkó, ìyá àgbà sì gbàgbé àwọn ọ̀rá wọn sílé. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní ó rẹ àwọn. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ń bì, òòyì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde. Àwọn ará ilé ní ibà ni, wọ́n ní ìrìn-àjò ni, wọ́n ní jọ̀lọ́ọ̀fù ìgbéyàwó ni. Ní ọjọ́ kẹrin, wọn kò lè dìde mọ́, ara wọn tutù, ọ̀rọ̀ wọn kò sì já gaara. A gbé wọn dìgbàdìgbà dé ilé ìwòsàn kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà tó bá wa níbẹ̀.

Ó bi wọ́n pé, "Màmá, oògùn wo lẹ ń lò?"

"Oògùn làkúrègbé ni, ọmọ mi."

"Kí lorúkọ rẹ̀, Màmá?"

Kò sí ẹni tó lè dáhùn. Oògùn tí wọ́n ti gbé mì fún ọdún kan ó lé, tí gbogbo ilé mọ̀, kò ní orúkọ. Dókítà wo ojú wọn, ó wo ẹ̀yìn ọrùn wọn, ó fọwọ́ kan àwọn ibi tó dúdú lápá wọn bí ẹni pé a fi ọ̀pá nà wọ́n, awọ ara ibẹ̀ fẹ́lẹ́ bí bébà. Ó ní kí a wá ọ̀rá náà rí kíákíá. A fóònù sílé, aládùúgbò kan wọ yàrá wọn, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Kí fọ́tò náà tó dé, dókítà ti fa hydrocortisone sínú abẹ́rẹ́, ó ti gún wọn sínú iṣan, ó sì ti so omi oníyọ̀ àti oníṣúgà mọ́ wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìyá àgbà jókòó, wọ́n béèrè ẹ̀kọ.

Ohun tí dókítà náà ṣàlàyé fún mi lóru ọjọ́ yẹn, tí mo sì wá ka ìwé lé lórí lẹ́yìn náà, nìyí. Lórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan ni ẹṣẹ́ kékeré kan jókòó lé bí fìlà. Òun ni ó ń pèsè èròjà tí wọ́n ń pè ní kọ́tísọ̀l, èyí tí ara fi ń gbé agbára ìṣàn ẹ̀jẹ̀ dúró, tó fi ń rí ṣúgà lò nígbà tí ebi bá ń pani, tó sì fi ń kojú àìsàn tàbí ìpalára. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó máa ń pọ̀ jù lára. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń sọ fún àwọn tí ń lo irú hóró yìí pé kí wọ́n gbé e mì láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tó bá lò ó lálẹ́ lè má rí oorun sùn. (Ìyá àgbà kì í sùn lóru nígbà náà. Ọjọ́ ogbó ni a kà á sí.) Prednisolone àti dexamethasone jẹ́ èròjà tí a ṣe láti fara wé kọ́tísọ̀l yìí, ṣùgbọ́n agbára wọn ju tirẹ̀ lọ. Ohun tí ẹṣẹ́ méjèèjì ń pèsè lójúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju agbára hóró prednisolone kan tó jẹ́ mílígíráàmù 5 lọ. Ti dexamethasone tún le: mílígíráàmù 0.75 péré nínú rẹ̀ tó prednisolone mílígíráàmù 5. Hóró funfun kékeré inú ọ̀rá, irú èyí ni. Àwọn yòókù jẹ́ oògùn ìrora lásán àti fítámì.

Báwo ni ó ṣe ń lé ìrora? Ará Róòmù kan tí ń jẹ́ Celsus, tó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, ti ka àmì mẹ́rin tí a fi ń mọ ibi tí ara ti ń jà: pípọ́n, wíwú, gbígbóná àti ríro. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin tí Yorùbá ń lò lójoojúmọ́ ni. Àwọn òyìnbó fi orúkọ kan kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ. Àwa a máa dárúkọ èyí tó bá ń yọ wá lẹ́nu jù. Ẹ fi ara wé àdúgbò. Bí olè bá wọlé, àwọn ọdẹ á fọn fèrè, wọ́n á tan iná, gbogbo ènìyàn á tú jáde. Ariwo yẹn ni pípọ́n àti wíwú àti ríro. Ohun tí prednisolone ń ṣe ni pé ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, ó ń pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọn fèrè mọ́. Ariwo á rọlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọdẹ náà ti ṣìwà hù, tí wọ́n ń na onílé dípò olè, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú àwọn àrùn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà, oore ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n bí olè bá wà lóde ní tòótọ́, bóyá ikọ́ ife tó ti ń sùn lára láti ọjọ́ pípẹ́ tàbí irú aràn inú kan, ọjọ́ ire rẹ̀ dé nìyẹn.

Ibi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ìyá àgbà wà lọ́tọ̀. Láti inú ọpọlọ ni a ti ń pàṣẹ fún ẹṣẹ́ orí kíndìnrín. Bí ọpọlọ bá rí i pé irú kọ́tísọ̀l kún inú ẹ̀jẹ̀, kò ní mọ̀ pé inú ọ̀rá ni ó ti wá. Á dáwọ́ àṣẹ dúró. Ẹṣẹ́ náà á wá dà bí ọmọ àgbẹ̀ tí àna ń gbé oúnjẹ fún: ọkọ́ rẹ̀ á dípẹtà, oko rẹ̀ á di igbó. Lọ́jọ́ tí oúnjẹ àna bá dáwọ́ dúró lójijì, kò sí ohun tí yóò jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilé wa ṣì ń sọ títí di òní pé oògùn ló pọ̀ lápọ̀jù lára ìyá àgbà ní Èkó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn ló tán lára wọn, ara kò sì rántí bí a ti ń ṣe tirẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ti lò ó ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, a kì í já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Dídín ni a ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹṣẹ́ náà lè jí.

Àwọn ìyà mìíràn wà tí ń tẹ̀ lé lílò rẹ̀ pẹ́: àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, egungun tí ń fúyẹ́ tó sì ń kán wẹ́rẹ́, ojú tí ń ṣú bí ẹni pé kùrukùru bò ó, ọgbẹ́ inú, pàápàá bí a bá dà á pọ̀ mọ́ àwọn oògùn ìrora bí irú èyí tó wà nínú ọ̀rá wọ̀nyí. Ní ti àwọn ọmọge tí ń ra dexamethasone kí wọ́n lè ní ìdí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ wọn yóò gba àpilẹ̀kọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "sanra" kan náà ni ó ń tan àwọn náà.

Bí oògùn yìí ṣe dé ayé dùn ún gbọ́. Ní ọdún 1929, Philip Hench, dókítà ní Mayo Clinic ní ìlú Rochester ní Minnesota, Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé aláìsàn kan tí oríkèé ara ń ro bọ́ lọ́wọ́ ìrora nígbà tí ibà pọ́njú kọlù ú. Ó tún rí i pé àwọn obìnrin tó ní irú àrùn náà a máa gbádùn bí wọ́n bá lóyún, ìrora a sì padà lẹ́yìn ìbímọ. Ó ní nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà nínú ara tó ń ṣe é. Edward Kendall, tí òun àti rẹ̀ jọ wà níbi iṣẹ́ kan náà, ti fa èròjà kan yọ láti inú ẹṣẹ́ orí kíndìnrín màlúù. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ gún obìnrin ẹni ọdún 29 kan tí ìrora ti sọ di arọ. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ rajà. Ní ọdún 1950, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Tadeus Reichstein ti ilẹ̀ Switzerland gba ẹ̀bùn Nobel. Ohun tí a kì í sábà rántí nínú ìtàn náà ni pé nígbà tí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró, ìrora padà, ojú àwọn aláìsàn mìíràn sì ti rí roboto. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, wọ́n sì ti rí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀wọ́n gógó ni oògùn náà nígbà yẹn, nítorí inú òróòro màlúù ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín bí ó bá gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tó sọ ọ́ di ọ̀pọ̀: iṣu ni. Ní 1942, Russell Marker, ará Amẹ́ríkà, rí iṣu igbó kan ní Veracruz ní ilẹ̀ Mexico, tí èròjà inú rẹ̀ ṣeé yí padà di irú èròjà ara báyìí. Ilé iṣẹ́ Syntex tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1944 sì ti inú iṣu ṣe cortisone ní 1951. Ìdílé kan náà ni òun àti iṣu wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a ń gún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iyán yóò wo làkúrègbé. Ọ̀nà ẹ̀wà sóyà ni Percy Julian gbà ní tirẹ̀ ní 1949, ọmọ adúláwọ̀ tí a bí ní Montgomery ní Alabama ní 1899, tí ìran tó bí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ẹrú. Prednisolone dé ní 1955, dexamethasone sì tẹ̀ lé e kí 1960 tó dé. Dexamethasone yìí kan náà, mílígíráàmù 6 lójúmọ́, ni ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn ní oṣù kẹfà 2020 pé ó dín ikú àwọn aláìsàn Kòrónà tó wà lórí ẹ̀rọ ìmí kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Nítorí náà n kò bá oògùn yìí ṣọ̀tá. Ọ̀rẹ́ mi tó fi mí rẹ́rìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀ ni mo fi ṣe ẹ̀rí. Ó ní ikọ́ fée. Ní sáà tó kọjá, ó kọlù ú lóru nínú ilé gbígbé wa, àyà rẹ̀ ń súfèé, kò lè sọ gbólóhùn kan parí. Lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní èéfín oògùn fà símú ní ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní hóró prednisolone mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀, èyí jẹ́ mílígíráàmù 40, fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tó pé ọjọ́ márùn-ún, ó dáwọ́ dúró, kò dín in kù díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe é, nítorí ọjọ́ márùn-ún kò tó kí ẹṣẹ́ sùn lọ. Ohun tó gbádùn lára rẹ̀ kò ju pé ebi pa á, tí kò sì rí oorun sùn. Nígbà tí mo sọ fún un pé irú oògùn kan náà ni ó wà nínú ọ̀rá ìyá àgbà, ó dákẹ́, ó ní, "Àfi bí ẹ bá tètè kọ ọ́." Ìyàtọ̀ àárín òun àti ìyá àgbà ni pé ó mọ orúkọ ohun tó gbé mì, ó mọ iye rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò tán.

Ìdínkù ti ìyá àgbà kò rọrùn. Dókítà dá ọ̀rá dúró, ó fún wọn ní prednisolone nìkan, hóró méjì láàárọ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹyọ kan àbọ̀, lẹ́yìn náà ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ìlàjì. Ó ṣàlàyé pé egungun orúnkún wọn ló ti jẹ, àti pé irú èyí kì í ṣe ohun tí a ń gbé prednisolone mì fún lójoojúmọ́. Bí hóró ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni orúnkún ń ro padà. Ìyá àgbà bínú. Wọ́n ní, "Àjàní, ẹ̀yin àti dókítà yín, ẹ ti gba ẹsẹ̀ mi." N kò rí èsì fọ̀, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ó rọrùn fún èmi ẹni ogún ọdún ó lé díẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ kò ro rí, láti máa wàásù. Ọjọ́ mìíràn ni wọ́n fúnra wọn fún oògùn náà ní orúkọ, nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ wọn kan. Wọ́n pè é ní "ayánilẹ́sẹ̀". Ẹ ṣàkíyèsí i, ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mọfọ́lọ́jì: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" àti "yá ẹni ní ẹsẹ̀", ìlànà tó fún wa ní "ayánilówó". Wọ́n ní, "Ó fi ẹsẹ̀ yá mi, orí ni ó fẹ́ gbà."

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ń lo irú oògùn yìí pẹ́ máa ń mú káàdì kan dání tí a kọ orúkọ oògùn sí, kí ẹni tó bá rí i níbi tó ṣubú sí lè mọ ohun tí yóò ṣe. Mo gé páálí kan, mo kọ ọ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: "Mo ń lo prednisolone láti ìgbà pípẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n dá a dúró lójijì. Bí mo bá ń bì tàbí tí n kò mọ ara mi mọ́, abẹ́rẹ́ hydrocortisone ni kí ẹ fún mi." Ìyá àgbà kó o sínú àpò tí wọ́n ń kó owó elùbọ́ sí. Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi dín hóró náà kù tán. Dókítà ní kí páálí náà wà níbẹ̀ sí i, nítorí bí àìsàn líle tàbí iṣẹ́ abẹ bá dé láàrin ọdún kan, ẹṣẹ́ náà lè má tíì lágbára tó.

Ọ̀pá wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn nísinsìnyí. Wọ́n ń na ẹsẹ̀ lórí àga láàárọ̀ bí a ti kọ́ wọn ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń lo parasẹtámọ́ọ̀lù bí ó bá le, wọ́n sì ń fi òrí pa á. Ojú wọn ti padà sí bí mo ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ará ọjà ń bi wọ́n pé kí ló ṣe wọ́n tí wọ́n rù báyìí.